Orúkọ i7 kọ́ ló ń ṣiṣẹ́: ẹ ka nọ́ńbà tó tẹ̀lé e kí ẹ tó sanwó

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé láptọ́ọ̀pù wọlé ní àdúgbò wa ní Òkè-Ogbò níbí, yálà akẹ́kọ̀ọ́ OAU ni o, àbí ẹni tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì jẹun, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń bi í: "Ṣé i5 ni àbí i7?" Tó bá ní i7 ni, ariwo á sọ. Tó bá ní i5 ni, wọ́n á ní kò burú. Tó bá wá lọ sọ pé AMD ni, ojú á yí padà bírí: "Há à! Ṣé ìyẹn kì í gbóná ni?" Kò sẹ́ni tó máa béèrè pé i7 ti ọdún wo. Kò sẹ́ni tó máa béèrè lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè méjì tí a kì í béèrè yìí ló ń jẹ́ ká máa kó owó dànù lọ́jà kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, èmi ò sì rò pé ó yẹ ká tún máa wò ó níran mọ́.

Òfin ni mo kọ́, mi ò kọ́ ẹ̀rọ. Àmọ́ ohun kan tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé tí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó, ká kọ́kọ́ ka ohun tó wà lákọsílẹ̀ ká tó gbọ́ ti ẹnu. Orúkọ prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, wà lákọsílẹ̀. A kàn kì í kà á parí ni.

Ẹ jẹ́ ká mú méjì tó pọ̀ lọ́jà wò. Ọ̀kan ń jẹ́ Core i7-7500U, èkejì ń jẹ́ Core i5-8250U. Tí wọ́n bá gbé sítíkà méjèèjì síwájú èèyàn mẹ́wàá, i7 ni ọ̀pọ̀ máa nawọ́ sí. Ó dáa, ẹ ka nọ́ńbà. 7 tó ṣáájú nínú 7500 yẹn túmọ̀ sí ìran keje, ohun tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní gen, ọdún 2016 ló jáde. 8 tó ṣáájú nínú 8250 jẹ́ ìran kẹjọ, oṣù kẹjọ ọdún 2017 ló jáde. Bí ọdún kan ló wà láàárín wọn, àmọ́ àárín ọdún kan yẹn ni Intel sọ core méjì di mẹ́rin nínú irú láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ báyìí. Ẹ fojú òṣìṣẹ́ wo core. i7 tí gbogbo ayé ń pariwo yẹn ní òṣìṣẹ́ méjì, i5 tí wọ́n ń fojú pa rẹ́ ní mẹ́rin. Wáàtì kan náà, 15, ni wọ́n kọ fún àwọn méjèèjì.

Tó bá jẹ́ Word nìkan lẹ ṣí, ẹ lè má mọ ìyàtọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Chrome pẹ̀lú ojú ìwé ogún, kí ìpàdé Zoom máa lọ, kí Windows tún pinnu pé àsìkò yẹn gan-an lòun fẹ́ ṣe ìmúdójúìwọ̀n. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ pọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ìran kẹwàá sókè o, torí ó máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. i5-1135G7 kì í ṣe ìran kìíní, ìran kọkànlá ni. Méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà pọ̀. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: U túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà kì í jẹ iná púpọ̀, H tàbí HQ túmọ̀ sí pé ó lágbára jù, ó sì ń jẹ iná jù, 45 wáàtì ló wọ́pọ̀ fún un. i7 tó ní U lẹ́yìn àti i7 tó ní HQ lẹ́yìn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, bí wọ́n tiẹ̀ jọ lo sítíkà kan.

Àbúrò kan wà ládùúgbò wa, Part Two ló wà. Owó àjọ tí ìyá rẹ̀ kó ló fi ra láptọ́ọ̀pù ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹni tó tà á fún un sọ pé i7 ni, pé kò sí iṣẹ́ tí kò lè ṣe. Nígbà tí mo wò ó, i7-6600U ni. Ìran kẹfà, ọdún 2015, core méjì. Ọlọ́jà náà kò parọ́ i7 o, i7 ni lóòótọ́. Ohun tí kò sọ ni pé Windows 11 kò fọwọ́ sí ìran kẹfà. Láti ìran kẹjọ lọ sókè ni Microsoft ń gbà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀rọ Intel, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje. Windows 10 tó wà lórí ẹ̀rọ náà sì ti dé òpin ìrìn àjò rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Microsoft fi ọdún kan kún un fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àtúnṣe ààbò mọ́. Ọmọbìnrin yìí ṣì ní ọdún mẹ́ta níwájú nílé ẹ̀kọ́.

Owó tí à ń sọ yìí kì í ṣe owó kékeré mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦470 ni dọ́là kan ní báńkì. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní $300 lókè òkun, ₦141,000 ni ní ìṣirò àkọ́kọ́, ₦450,000 ni ní ìkejì, a ò tíì ka owó ọkọ̀ àti ti aṣọ́bodè. Nígbà tí ọjà ṣì dẹ̀, èèyàn lè ra èyí tí kò dáa kó sì ní òun á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ta ló ń pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù lọ́dọọdún báyìí?

Ó wá kan AMD tí gbogbo yín ń sá fún. Àhesọ pé ẹ̀rọ AMD máa ń gbóná kò ṣàdédé wáyé. Láàárín ọdún 2011 sí 2016, prósẹ́sọ̀ wọn kò dáa tó ti Intel, òmíràn nínú wọn sì ń jẹ iná bí ẹni tí wọ́n fi ṣépè: FX-9590 ti ọdún 2013 tó wà fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, 220 wáàtì ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹni tó bá lo AMD láyé ìgbà yẹn ní ẹ̀tọ́ láti kérora. Àmọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2017, AMD gbé Ryzen jáde, ọ̀rọ̀ sì yí padà. Ryzen 7 1800X tó ní core mẹ́jọ jáde ní $499, nígbà tí Core i7-6900K ti Intel tí òun náà ní core mẹ́jọ ju $1,000 lọ. Ọdún yẹn kan náà ni core àwọn láptọ́ọ̀pù Intel di mẹ́rin lójijì. Mi ò sọ pé ìdí kan ṣoṣo nìyẹn o, àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín: kí ló dé tí Intel fi ń fún wa ní méjì-méjì láti ọdún gbọọrọ, tó jẹ́ pé ọdún tí alábàáṣepọ̀ ọjà rẹ̀ jí lójú oorun ni ọwọ́ rẹ̀ ṣí?

Kí ló wá fà á tí Intel fi kún ṣọ́ọ̀bù wa báyìí tí AMD sì ṣọ̀wọ́n? Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní UK used yìí jẹ́ ẹ̀rọ tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó lò tán. Ohun tí wọ́n bá rà lọ́hùn-ún lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ló máa dé Computer Village ní Ìkẹjà lónìí, kó tó wá gba ojú ọ̀nà Ìbàdàn dé Ifẹ̀. Intel ló sì gba ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ náà tipẹ́tipẹ́. Lára rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, prósẹ́sọ̀ wọn dáa. Lára rẹ̀ jẹ́ ìpolówó: láti ọdún 1991 tí "Intel Inside" ti bẹ̀rẹ̀ ni Intel ti ń bá àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà san lára owó ìpolówó wọn, tí sítíkà yẹn bá ti wà níbẹ̀.

Apá kẹta ló dùn mọ́ èmi tí mo kọ́ òfin. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 1.06 owó Euro fún Intel, wọ́n ní ó ń fún àwọn bíi Dell, HP, Lenovo àti NEC ní ẹ̀dínwó kí wọ́n má bàa ra ti AMD. Lóṣù kọkànlá ọdún kan náà, Intel san $1.25 bílíọ̀nù fún AMD kí ẹjọ́ tó wà láàárín àwọn méjèèjì lè parí. Intel kò gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Yúróòpù. Ẹjọ́ yẹn rìn, ó rìn, ó rìn. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ fagi lé ìtanràn náà. Ní 2023, wọ́n tún bu èyí tó kéré sí i lé e, mílíọ̀nù 376 Euro, fún apá kan nínú ẹ̀sùn náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Yúróòpù sọ pé fífagi tí wọ́n fagi lé ìtanràn ńlá ti 2009 yẹn dúró. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Àwọn kan máa ń rò pé Nàìjíríà nìkan ni ẹjọ́ ti ń pẹ́.

Ẹ má rò pé mo ń polówó AMD. Ọgbọ́n àyínìke wà lọ́wọ́ àwọn náà. Ẹ wo Ryzen 5 7520U àti Ryzen 5 7530U. Ta ló máa wò ó tó máa rò pé ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀? Èyí àkọ́kọ́ ní core mẹ́rin, ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé, tí wọ́n ń pè ní Zen 2, ti wà láti ọdún 2019. Èkejì ní core mẹ́fà, Zen 3 ti ọdún 2020 ni wọ́n kọ́ ọ lé. Nọ́ńbà kẹta ló ń tú àṣírí: 2 nínú 7520, 3 nínú 7530. Wọ́n fi 7 síwájú kó lè dà bí ọjà tuntun. Intel gan-an fi èyí bú AMD ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ó ní ọjà àtijọ́ ni wọ́n ń fi orúkọ tuntun tà, kò pẹ́ tó fi yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú ìtàkùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìran kẹrìnlá Intel tó wà fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tó jáde lóṣù díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìran kẹtàlá. Ajere ń fi asẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdí rẹ̀ lu.

Ibi tí èmi dúró sí rèé. Tí owó bá dọ́gba, tí ìran bá súnmọ́ra, ẹ̀rọ AMD tòkunbọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò ní Ifẹ̀ lónìí, torí ẹ̀rù tí àwọn èèyàn ń bà lórí rẹ̀ kì í jẹ́ kí owó rẹ̀ ga tó ti Intel. Ẹ wá ThinkPad T495 tàbí EliteBook 745 G6 tó ní Ryzen 5 PRO 3500U, kí ẹ fi owó rẹ̀ wé owó T480 tàbí EliteBook 840 G5 tó ní Intel Core i5 ìran kẹjọ. Gbogbo wọn ní core mẹ́rin. Gbogbo wọn wà nínú àwọn tí Windows 11 gbà. Ohun tó ń yàwòrán sójú ẹ̀rọ nínú Ryzen yẹn lágbára ju ti Intel ìran kẹjọ lọ, ẹni tó bá ń ṣe gáfíìsì tàbí tó ń gbá géèmù díẹ̀díẹ̀ máa rí i. Ti Intel náà ní àǹfààní tirẹ̀: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì pọ̀ níta. Tó bá jẹ́ pé ìlú tí kò ti sí ẹlòmíì tó ń lo AMD lẹ ń gbé, ẹ ro ìyẹn mọ́ ọn.

Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ rárá ni "tuntun ni, inú páálí ló wà." Láptọ́ọ̀pù tuntun tó ní Celeron N4020 àti RAM 4GB máa ń fani mọ́ra, ó ń dán, bátìrì rẹ̀ mọ́. Core méjì ló ní, iṣẹ́ díẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹni tó ra i5 ìran kẹjọ tòkunbọ̀ tó ní RAM 8GB àti SSD ti rí ẹ̀rọ tó máa gbé e láti Part One dé ìpele ìkẹyìn. Ẹni tó ra Celeron inú páálí ti rí ẹ̀rọ tó lẹ́wà.

Iná ọba náà wà nínú ìṣirò yìí, kò sẹ́ni tó ń kà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò sókè sí ₦225 fún ìwọ̀n kan nígbà náà, àwọn tí kò sì sí ní Band A, jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń tàn, pẹ̀lú owó epo bẹntiróòlù láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ẹ gbà pé bátìrì láptọ́ọ̀pù gba 50 wáàtì fún wákàtí kan. Tí gbogbo ẹ̀rọ náà bá ń jẹ 10 wáàtì lápapọ̀, wákàtí márùn-ún lẹ máa rí. Tó bá ń jẹ 25, wákàtí méjì ni. Ẹni tó ń kàwé ìdánwò lóru nínú òkùnkùn mọ ohun tí wákàtí mẹ́ta jẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń ṣe mí ní kàyéfì nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé àròkọ nìkan ló ń kọ bá ń du i7 HQ nítorí pé "ó lágbára". Agbára tí ẹ ò lò, ẹ̀yin lẹ ń sanwó iná rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ iná yìí, Apple ti borí àwọn méjèèjì. M1 tó gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 ń ṣiṣẹ́ gan-an láì jẹ iná púpọ̀, MacBook Air tí wọ́n fi sí kò tiẹ̀ ní fáànù nínú. Àmọ́ RAM tí ẹ bá rà á pẹ̀lú rẹ̀ lẹ máa lò títí láé, kò ṣe é fi kún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà àti ayàwòrán ilé, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀lé ìgbàlódé: SolidWorks àti Revit, Windows ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí ti ní irú ẹ̀kọ́ yìí rí. Nígbà tí ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde lọ́dún 2013 fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀, mi ò fẹ́ dá a sílẹ̀ padà níbí. Àmọ́ ohun kan wù mí nínú ètò náà: iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Ìwé kíkà, ìbéèrè àtijọ́ ti WAEC àti JAMB, ó parí. Àwa tí à ń fi owó ara wa ra tiwa ni a kì í sọ iṣẹ́ tí a fẹ́ kó ṣe kí a tó béèrè owó.

Sísọ iṣẹ́ yẹn sì ní ìtumọ̀ lábẹ́ òfin. Òfin àpapọ̀ tó dá lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, tó bí àjọ FCCPC, kò fi ọjà tòkunbọ̀ sílẹ̀. Abala 117 ní kí ẹni tó ń ta ọjà tí wọ́n ti tún ṣe tàbí tí wọ́n ti lò jẹ́ kó hàn bẹ́ẹ̀. Abala 118 ní kí oníbàárà gba àkọsílẹ̀ ohun tó rà. Abala 122 ní tí ẹ bá ti sọ fún ọlọ́jà pé iṣẹ́ báyìí lẹ fẹ́ fi ọjà ṣe, tí ẹ sì rí i láàárín àsìkò tó bójú mu pé kò wúlò fún iṣẹ́ náà, ẹ lè dá a padà gba owó yín. Abala 125 kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn nípa ọjà. Páálí tí wọ́n fi kọ "No refund" sára ògiri ṣọ́ọ̀bù kò lè pa òfin yìí rẹ́, FCCPC fúnra rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ léraléra.

Mo mọ ohun tí àwọn ọlọ́jà máa sọ. Wọ́n á ní àwọn náà ń ra ọjà ní òkìtì ni, wọn kì í yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, àti pé oníbàárà gan-an kì í béèrè ju "i kéèló?" lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ṣe olóòótọ́ débi pé wọ́n á sọ àléébù ọjà kí ẹ tó béèrè. Ṣùgbọ́n kíkọ nọ́ńbà mẹ́rin àti lẹ́tà kan sórí rìsíìtì kò gba ìṣẹ́jú kan, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. "HP i7, UK used" kì í ṣe àpèjúwe ọjà. "Core i7-6600U, RAM 8GB, SSD 256GB" ni àpèjúwe. Tí ẹjọ́ bá dé, ọ̀kan ṣe é dì mú, ìkejì kò ṣe é dì mú.

Torí náà, tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má wo sítíkà, sítíkà ṣe é yọ, ó ṣe é lẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU. Orúkọ prósẹ́sọ̀ á jáde ní kíkún lókè, iye core rẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ó máa sọ iye tí bátìrì gbà nígbà tó wà ní tuntun àti iye tó ń gbà báyìí. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe, kí ọ̀rẹ́ tó tẹ̀ lé yín gbọ́. Kí ẹ wá ní kí ọlọ́jà kọ orúkọ tó wà nínú fọ́tò yẹn sórí rìsíìtì kí ẹ tó ṣe tiransifáà. Tó bá ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, ẹ dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà sórí káńtà, kí ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì.